Agbọ̀n Odò-Ìko Tí Kò Kún

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Irọ́ ni í mú wá. A ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ìyá, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, àwọn mìíràn nínú wa tilẹ̀ gbọ́ ọ pọ̀ mọ́ ìfọ́tí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí pé kí ni ọ̀rọ̀ bá agbọ̀n ṣe? Kí ló dé tí àwọn àgbà kò fi sọ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún ìkòkò, tàbí pé kò kún àpò? Agbọ̀n kan wà ni. Wọ́n hun ún, wọ́n gbé e kalẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ fi kún un. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ìlú kan wà létí àbàtà, Odò-Ìko lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀, agbọ̀n híhun. Ọkùnrin ń hun, obìnrin ń hun, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ń fi ọwọ́ bà á hun. Níbi tí iṣẹ́ bá sì ti jẹ́ ti ọwọ́ nìkan, ẹnu a máa ṣeré kiri. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Odò-Ìko fi mọ ọ̀rọ̀ í sọ ju gbogbo ará àgbègbè wọn lọ. Bí ewúrẹ́ bá sín láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọn a ti mọ ẹni tó fi ata sí i nímú, wọn a sì ti mọ ohun tí ẹni náà ń wá.

Wọ́n ní àṣà kan. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ènìyàn kúrò nílùú, ariwo nìkan kò tó. Àwọn tó fẹ̀sùn kàn án ni yóò hun agbọ̀n fúnra wọn, wọn a gbé e wá síwájú Baálẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí a jáde, a fi ẹnu kan irin Ògún, a sọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí, a sì ju ekùrọ́ kan sínú agbọ̀n. Ohun kan tí ojú rí, ekùrọ́ kan. Àgbọ́sọ kò ní ekùrọ́. Bí agbọ̀n bá kún dé ẹnu, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn a di ẹrù rẹ̀, wọn a sì wó ilé rẹ̀ palẹ̀. Bí kò bá kún, ó bọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé ẹjọ́ náà dìde mọ́. Nítorí èyí, agbọ̀n ẹ̀rí àwọn ará àtijọ́ kì í tóbi ju ilé ẹyẹ ẹ̀gà lọ. Bí ekùrọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá bọ́ sínú rẹ̀, ó kún.

Ọmọbìnrin kan wà ní Odò-Ìko tó ń jẹ́ Móredé. Sàńgódèyí ni bàbá rẹ̀, Kújọrẹ́ sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn mẹ́rin péré ni wọ́n ń gbé ilé náà, pẹ̀lú ìyá. Ní ọjọ́ ọjà Ìgbòdì kan, Móredé nìkan ló ru agbọ̀n ilé wọn lọ. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wú, bàbá rẹ̀ ní òun yóò dúró tì í, Kújọrẹ́ sì ń rẹ ìko tí wọ́n fi ń hun agbọ̀n sómi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ná ọjà Ìgbòdì, gbogbo Odò-Ìko ló sì máa ń lọ. Wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ìdájí, agbọ̀n lórí agbọ̀n, tí ẹni tó bá ń wò wọ́n lókèèrè a rò pé àwọn agbọ̀n ló hu ẹsẹ̀. Àwọn aláìsàn àti àwọn arúgbó tí kò lè rìn nìkan ni wọ́n ń ṣẹ́ kù sílé, àti àwọn adìyẹ.

Agbọ̀n Móredé tètè tà lọ́jọ́ náà, òun ló sì kọ́kọ́ wọ ìlú nírọ̀lẹ́. Ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Ó bá Kújọrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tó fi ń rẹ ìko. Wọ́n ti ṣá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, kò sì sí ohun tí wọ́n fi ṣá wọn nílẹ̀.

Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ló ti rí ipasẹ̀ ènìyàn mẹ́ta nínú ẹrẹ̀, tó lọ tààrà sí etídò, níbi tí ìdí ọkọ̀ ojú omi ti fa ilẹ̀ ya. Ẹrẹ̀ náà ṣì tutù. Ó figbe ta sí àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ipasẹ̀ wọn rèé! Wọn ò tíì jìnnà! Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bá mi tẹ̀ lé wọn!"

Wọ́n sáré wá lóòótọ́, gbogbo wọn. Wọ́n kún inú ilé, wọ́n kún ìta, wọ́n kún ẹ̀yìnkùlé. Láníhùn ló ṣáájú, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè rí. Ó dúró sáàárín ẹ̀yìnkùlé, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ má sáré," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á ná."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lèyí létí wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ń wá ohun tó fà á. Móredé ń fa ẹ̀wù èyí, ó ń di ọwọ́ tọ̀hún mú, wọ́n sì ń sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, kó jókòó, kó mu omi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, igba ẹsẹ̀ ti tẹ ipasẹ̀ mẹ́ta pa. Ní ọjọ́ kejì òjò rọ̀, ó fọ èyí tó ṣẹ́ kù.

Wọ́n sin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ilé, nínú yàrá tí kálukú wọn ń sùn, bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ìgbà náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìlú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ ẹnu ni. Àtíbàbà tí àwọn ahun-agbọ̀n ń jókòó sí kò jìnnà sí ilé Sàńgódèyí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín. Móredé kò nílò kó jáde kó tó mọ ohun tí ìlú ń wí. Ó kàn ń jókòó ti ògiri, ọ̀rọ̀ náà ń wọlé bá a bí èéfín.

Ọ̀rọ̀ ewé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé Sàńgódèyí máa ń sá ewé kan sórí òrùlé. Bí ó bá gbẹ, a kó o sí yàrá, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òótọ́ tún ni pé ní ọdún tó kọjá, ó kọ́ yàrá méjì kún ilé rẹ̀. Ewé kan, yàrá méjì: kí ni ẹlẹ́nu tún ń wá?

"Ewé amóríyí ni," ni Láníhùn wí. "Bí ènìyàn bá fa èéfín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á máa rí òṣùpá lọ́sàn-án gangan. Á máa dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́, á ní ìyá ìyàwó òun ni."

"Ìwọ Láníhùn, ṣé o ti fà á rí ni?" Ìyá Ọ̀ṣúnlékè ló bi í bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tí ìka rẹ̀ yá tí ètè rẹ̀ sì yá jù ú lọ.

"Èmi kẹ̀? Ká má rí i! Mo kàn mọ̀ ni."

"Ta ló wá ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Àwọn ará òdìkejì odò. Ó rẹ́ wọn jẹ, ni wọ́n bá wá gbẹ̀san. Ọ̀rọ̀ tó hàn gbangba bí ojú ọjọ́ rèé, ẹ̀ ń bi mí!"

Ní ọ̀la rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti hu ìwo. Wọ́n ní kì í ṣe pé ó rẹ́ wọn jẹ, àwọn ló rẹ́ òun jẹ. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kò tilẹ̀ sí ará òdìkejì kankan; Sàńgódèyí fúnra rẹ̀ ló fa ewé yó, ó pa aya, ó pa ọmọ, ó sì wá pa ara rẹ̀. Ẹnìkan rántí pé ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n ti ṣá a. Wọ́n ronú sí ìyẹn díẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé ohun tí ewé yẹn lè mú kí ènìyàn ṣe kò kéré. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àkàngbé ní Sàńgódèyí kò kú rárá, pé ó wà ní ìlú òkèèrè tó ń jẹ èrè ewé. Àkàngbé yìí ló gbẹ́ sàréè rẹ̀.

Wọ́n ti gbé àga fún Láníhùn lábẹ́ àtíbàbà báyìí. Àwọn tó ń lọ sóko a yà kí i, wọn a ní, "Láníhùn, kí ló tún kù?" Òun náà kò sì jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Bí Móredé bá jáde lọ pọnmi, àwọn obìnrin a kí i kú ìrọ́jú, wọn a sì rọra tẹ̀ lé e.

"Ọmọ mi, Ẹlẹ́dàá á tù ọ́ nínú. Àwọn tó ń wá ra ewé yẹn, ilà wo ló wà lójú wọn?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀ kẹ̀? Nínú ilé tó o ti ń jẹ, tó o ti ń sùn?"

"Mi ò rí wọn rí, mà."

Kí omi rẹ̀ tó dé ilé, ìdáhùn rẹ̀ ti dé àtíbàbà. "Ó ní òun ò mọ̀. Ohùn tó fi sọ ọ́, ohùn ẹni tó mọ̀ ni." Bí ó bá sunkún, wọ́n ní ẹkún àbòsí ni. Bí kò bá sun ún, wọ́n ní ẹ ò rí i bí ojú rẹ̀ ṣe gbẹ? Láti ibẹ̀ ni Ìyá Ọ̀ṣúnlékè ti béèrè ohun tí gbogbo wọn ti ń pọ́n lá.

"Kí ló dé tí òun ò fi sí nílé lọ́jọ́ náà?"

"Ó lọ sọ́jà ni," ẹnìkan dá a lóhùn.

"Ó lọ sọ́jà. Kí ló dé tí agbọ̀n tirẹ̀ fi tètè tà? Ta ló sọ fún un pé kó tètè tà?"

Lẹ́yìn ògiri, Móredé fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ òun.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Láníhùn kó èrò lẹ́yìn lọ bá Baálẹ̀ Ògúnsakin. Wọ́n ní kó lé Móredé kúrò nílùú, kó sì jẹ́ kí àwọn wó ilé náà kí àwọn olówò ewé má baà padà wá pa gbogbo ayé. Baálẹ̀ ti dàgbà, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó gbọ́ wọn tán, ó ní kí wọ́n lọ hun agbọ̀n wọn.

"Ẹ̀yin lẹ ó hun ún," ó ní. "Ẹ̀yin náà lẹ ó kún un."

Móredé gbọ́. Kì í ṣe lílọ kúrò nílùú ló bà á lẹ́rù jù, nítorí ibi gbogbo la ti ń hun agbọ̀n. Ohun tó mú un lọ́kàn ni yàrá mẹ́ta tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá wó ilé, òjò ni yóò máa lù wọ́n, ewúrẹ́ ni yóò máa yàgbẹ́ sí wọn lórí. Ẹni tí yóò gbá ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní sí.

Àwọn olùfẹ̀sùn jókòó láti hun agbọ̀n. Ahun-agbọ̀n àgbà kan mú ìko díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ìdí agbọ̀n kékeré, irú èyí tí wọ́n ń hun láti ayébáyé. Láníhùn já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Baba, kí lẹ fẹ́ fi agbọ̀n bíńtín yìí ṣe? Sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí? Èyí tí èmi nìkan mọ̀, á kún un, á tún dà sílẹ̀!"

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Ọ̀ṣúnlékè wí. "Àwọn ará Ìgbòdì ń bọ̀ wá wòran. Ṣé agbọ̀n bí ìṣaasùn la fẹ́ fi hàn wọ́n? Kí wọ́n ní a ò mọṣẹ́ mọ́?"

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kò sì sí ohun tí ará Odò-Ìko kò lè ṣe nítorí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi hun ún. Wọ́n fi ìko pupa sí i, wọ́n fi dúdú sí i, wọ́n ṣe ẹnu rẹ̀ ní ọnà tí wọn kì í ṣe fún agbọ̀n ìyàwó pàápàá. Nígbà tó parí, ènìyàn mẹ́rin lè jókòó sínú rẹ̀ kí wọ́n máa ta ayò. Kò gba abẹ́ àtíbàbà jáde. Wọ́n ṣá òpó kan sọnù, àtíbàbà wó lápá kan, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń gbé e jáde. Ọkùnrin mẹ́jọ ló rù ú lọ sójúde Baálẹ̀.

Baálẹ̀ yí agbọ̀n náà po lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé ilé lẹ kọ́ ni?"

"Agbọ̀n ni, Baba," ni Láníhùn fi ìgbéraga dáhùn.

"Ó dára púpọ̀. Ṣé òun lẹ fẹ́ lò?"

"Ó tilẹ̀ kéré, Baba."

"Kò burú." Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé irin wá, kí wọ́n sì gbé àpò ekùrọ́ wá. Móredé kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agbọ̀n náà ga ju orí rẹ̀ lọ níbi tó wà, kò sì rí nǹkan mìíràn níwájú rẹ̀ ju ọnà rẹ̀ pupa àti dúdú lọ. Ó ń rò ó pé iye ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ lẹ́yìn ògiri, bí gbogbo rẹ̀ bá di ekùrọ́, yóò kún èyí ní ìlọ́po méjì.

Ìyá Ọ̀ṣúnlékè ló kọ́kọ́ jáde. Ó sọ nípa àwọn àlejò tó ń wá ra ewé: aṣọ wọn, ilà ojú wọn, bí wọ́n ṣe ń wúkọ́. Ó ti na ọwọ́ sí àpò ekùrọ́ kí Baálẹ̀ tó dá a dúró.

"Ìwọ lo rí wọn?"

"Gbogbo ìlú ló mọ̀, Baba."

"Mi ò bi gbogbo ìlú. Ojú rẹ méjì yìí ni mò ń bi."

"Ọkọ mi ló sọ fún mi."

Wọ́n pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní adẹ́mu ló sọ fún òun. Adẹ́mu ní abẹ́ àtíbàbà lòun ti gbọ́ ọ. Wọ́n bi í pé lẹ́nu ta ni. Ó yí ojú ká títí, ó sì nawọ́ sí Ìyá Ọ̀ṣúnlékè. Ọ̀rọ̀ náà ti rin ìlú já bí àgùntàn tó já okùn, ó sì ti padà wá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó tú u sílẹ̀.

Àkàngbé jáde, ó ní Sàńgódèyí kò kú.

"Ta wá ni ìwọ sin?" ni Baálẹ̀ bi í.

Àkàngbé họ orí. "Baba, ẹni tí mo sin jọ ọ́ gan-an ni."

Ọkùnrin mìíràn ní òórùn ewé náà ti kọ lu òun rí, tí orí òun yí bìrìbìrì. Baálẹ̀ bi í pé ìgbà wo. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ pé ewé amóríyí ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń padà. Kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kan irin. Oòrùn dé àárín orí. Adìyẹ kan fò sínú agbọ̀n láti wá nǹkan jẹ, ó wá a dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò rí nǹkan kan, ó fò jáde. Àwọn ará Ìgbòdì tó wá wòran bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni Láníhùn kò lè gbà mọ́ra. Agbọ̀n tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹnu rẹ̀ ló là sílẹ̀ gbáà, tó ń fi í ṣẹ̀sín yẹn. Ó yọ síta, ó fi ẹnu kan irin, ó kọjú sí ìlú.

"Èmi rí i! Mo ti ń pa á mọ́ra ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, mo wà nínú igbó ògùrọ̀ lẹ́yìn ilé wọn. Mo rí ọkùnrin mẹ́ta." Ó ju ekùrọ́ kan, ó ró kò. "Mo rí àpò ewé lórí wọn." Ó ju òmíràn. "Mo rí Móredé lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́, ó ń júwe ilé fún wọn!" Ó ju ẹ̀kẹta. Ìlú ké yèè. Igbe náà dùn mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró mọ́. Ó rí àkọ̀ ọ̀bẹ, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀wù, ó ka eyín tó wà lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Ekùrọ́ méje ló ti jù.

Móredé ń ṣírò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá lè rí méje, ẹni méjì lè rí ogún, ọ̀la sì ń bọ̀. Ó wo ojú àwọn ènìyàn, ó rí i tí ọ̀pọ̀ ti ń tún gèlè wé, tí ọ̀pọ̀ ti ń rántí ohun tí wọ́n rí. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó jáde.

"Ẹ̀gbọ́n Láníhùn, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ tí wọ́n kú, ọjọ́ wo tún ni? Ọjọ́ ọjà Ìgbòdì!"

"Ẹ ò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà?"

Láníhùn tún na ọwọ́ sí àpò ekùrọ́. Ìyá Ọ̀ṣúnlékè ló bá a sọ ọ́, nítorí ètè rẹ̀ yá ju òye rẹ̀ lọ.

"Háà! Láníhùn! Ta ló wà níwájú mi lójú ọ̀nà tó ru agbọ̀n méjìlá, tí mo ní kó rọra, tó ní kí n gbójú mi sí ẹrù tèmi?"

"Èmi àti ẹ̀ la jọ mu ẹmu ní Ìgbòdì," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Èmi ni mo sì sanwó ẹ̀."

Kálukú ń wo ẹnìkejì rẹ̀, ó sì ń rántí agbọ̀n tó rù níwájú òun. Baálẹ̀ ní kí ẹni tó wà nílùú lọ́jọ́ náà nawọ́ sókè. Arúgbó kan ṣoṣo ló nawọ́. Wọ́n bi í ní ohun tó rí. Ó ní ọdún kẹwàá rèé tí òun ti rí nǹkan gbẹ̀yìn.

"Láníhùn," ni Baálẹ̀ wí, "wọ inú rẹ̀ lọ, kó o ṣa ekùrọ́ rẹ jáde."

Láníhùn wọ inú agbọ̀n. Ó ga débi pé orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí nígbà tó dúró, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀, wọn kò rí i mọ́. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń rákò kiri, wọ́n ń bá a kà á. Èyí keje kò tètè rí. Nígbà tó jáde, ó gba ẹ̀yìn èrò lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbé àga fún un mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Agbọ̀n kò kún," ni Baálẹ̀ wí. "Móredé, o bọ́. Ilé rẹ ni ilé rẹ. Dìde, máa lọ."

Móredé dìde, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó rìn dé ìdí irin, ó fi ẹnu kàn án, ó mú ekùrọ́ kan.

"Mo rí ipasẹ̀ ènìyàn mẹ́ta nínú ẹrẹ̀," ó ní. "Tútù ni. Mo fi hàn yín. Orí ẹ̀ lẹ dúró lé, tí ẹ̀ ń béèrè ohun tó fà á." Ó yíjú sí Baálẹ̀. "Ní ti ewé, bàbá mi ń sá a, òótọ́ ni. Mi ò mọ ohun tó ń fi í ṣe. Ó lè jẹ́ ohun tí ẹ̀ ń wí, ó sì lè máà jẹ́ òun. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, mi ò mọ̀."

Ó ju ekùrọ́ náà. Ó ró kò, ó yí gbirigbiri, ó sì dákẹ́ síbì kan nínú agbọ̀n ńlá náà níbi tí ojú kò ti tó o.

Baálẹ̀ Ògúnsakin dìde lórí ìjókòó rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lẹ fi sọ̀rọ̀," ó ní. "Ká ní ọjọ́ kan péré lẹ fi rìn, bóyá à bá ti mú wọn. Ẹ wo inú rẹ̀. Ẹyọ ẹ̀rí kan ló wà níbẹ̀, ọmọ olókùú ló sì jù ú. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n." Ó wo ọ̀nà tí Láníhùn gbà lọ. "Irọ́ ni í mú wá."

Àwọn ọkùnrin mélòó kan lọ tu ọkọ̀ lójú odò lọ́jọ́ náà nítorí ìtìjú. Wọ́n tù ú dé ibi tí odò ti pín, wọ́n padà. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó pa Sàńgódèyí, aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Móredé ń gbá ilẹ̀ yàrá mẹ́ta náà ní àràárọ̀ títí ó fi darúgbó. Ti àwọn ará Odò-Ìko ńkọ́? Kí wọ́n tó délé lọ́jọ́ ẹjọ́ yẹn, Ìyá Ọ̀ṣúnlékè ti rọra tọ́ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé o rí ọwọ́ tó fi ju ekùrọ́ yẹn? Òsì ni."

Ẹ ti wá mọ agbọ̀n náà báyìí. Ìgbà tí àjálù bá bá ilé kan, tí àwọn tí kò sí níbẹ̀ bá kóra jọ tí wọ́n ń tú u palẹ̀, tí wọ́n ń pín ẹ̀bi fún òkú tí wọ́n sì ń pín ìyókù fún alààyè, nígbà náà ni àwọn àgbà ń sọ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bí ẹnìkan bá tún wá ń fi tirẹ̀ kún un kí àwùjọ lè gbọ́ ohùn òun, wọn a pa ìdajì kejì: irọ́ ni í mú wá. Ẹni tó bá gbọ́n níbẹ̀ a dákẹ́. Ẹni tó gbọ́n jù ú lọ a dìde, a sì lọ bi ọmọ olókùú pé ibo ló fẹ́ kí òun bá a dé.